Bàbá Ìbejì Yan Ilé Oúnjẹ ní Dordogne

Ẹ má bi Bàbá Ìbejì léèrè ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní Dordogne, nílẹ̀ Faransé o. Bí ẹ bá sì bi wọ́n, ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín, torí ilé wọn ni mo ti ń jẹun.

Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti ní "ẹ fi í sílẹ̀ fún mi" báyìí, kí oníkálukú yáa wá bísíkíìtì sápò. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, ló rí ilé tí a yá nítòsí ìlú Sarlat níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kí ẹnikẹ́ni má dá sí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ, iṣẹ́ àwọn nìyẹn. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà nílé wọn ní Peckham, ní London, wọ́n fa ìlà, wọ́n kun àwọ̀. Orúkọ ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ìràwọ̀ tí àwọn tó ti jẹun níbẹ̀ fún un wà níbẹ̀, iye máìlì tó jìnnà sílé wà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún fọ́tò àwo. Ọjọ́ àti aago tí ilẹ̀kùn ń ṣí nìkan ni wọn ò kọ.

Bẹ́ẹ̀, ní abúlé Faransé, aago ni èèyàn ń kọ́kọ́ yàn kó tó yan ọbẹ̀. Aago méjìlá ni oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀. Tó bá di aago kan ààbọ̀, tó pẹ́ jù aago méjì, alásè ti paná. Iná ọ̀hún kò tún ní tàn títí di aago méje tàbí méje ààbọ̀ alẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra owó. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, tọkọtaya ni: ọ̀kan ń dáná, èkejì ń gbé e fún oníbàárà, àwọn méjèèjì náà ló sì máa ṣe ti alẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ní ìlú ńlá, èèyàn lè rí ibi tí wọ́n kọ "service continu" síta, tí wọ́n ń ta oúnjẹ láìdáwọ́ dúró. Ní abúlé, ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú àti odidi ọjọ́ Ajé wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń tìlẹ̀kùn pa, torí ọ̀sán Àìkú ni tẹbí-tará ń jáde lọ jẹun, lẹ́yìn ìyẹn, agara ti dá alásè.

Ọ̀sán Àìkú yẹn gan-an ni Bàbá Ìbejì mú. Wọ́n ní àwọn ti gba tábìlì fún aago kan. Ibi tí wọ́n ti gbà á ni mo ń wá títí dòní, torí wọn ò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Inú ọkàn wọn ni wọ́n ti gbà á.

Ẹ wá gbọ́ ti aago ọwọ́. Aago wúrà tí bàbá mi fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í yí i nítorí orílẹ̀-èdè kankan. Ó ti bá wọn dé Dubai, ó ti bá wọn dé Houston, aago London náà ló ń lù níbẹ̀. Ààrẹ ilẹ̀ Faransé ì báà fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún aago náà, kò ní kúrò ní Peckham. Faransé sì fi wákàtí kan ṣíwájú London. Fóònù gbogbo wa nínú mọ́tò ló ti sọ òótọ́ fún wa. Táyé ń wo tirẹ̀, Kẹ́hìndé ń wo tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Èmi ńkọ́? Àbúrò ìyàwó tí kò dá owó epo, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé aago tí bàbá òun rà ń parọ́?

A dé ibẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ti Bàbá Ìbejì. Obìnrin kan ń nu tábìlì. Àwọn èèyàn ṣì jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń fi ṣíbí kékeré ro kọfí. Obìnrin náà ní, "C'est fini, monsieur", ó ti tán, ọ̀gá. Bàbá Ìbejì nawọ́ sí àwọn tó jókòó: àwọn yẹn kì í ṣe èèyàn ni? Àwọn yẹn ti wà níbẹ̀ láti aago méjìlá kọjá díẹ̀. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹran, wọ́n ti jẹ wàràkàsì, wọ́n ti jẹ nǹkan dídùn. Kọfí tó ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Ìbejì ní kó bá àwọn dín ẹyin. Ó ní alásè ti lọ. Wọ́n ní búrẹ́dì lásán ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí èdè òyìnbó méjèèjì ṣe tán lẹ́nu wọn nìyẹn, ni wọ́n bá ń fi Yorùbá bẹ obìnrin olóbìnrin: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ wo ojú àwọn ọmọ yìí." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Kẹ́hìndé ọ̀dàlẹ̀, ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń fẹ́ ẹ kó wú.

Ìwé Peckham ṣì ní orúkọ méjì fún ìtòsí ibẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ti kó àga wọlé. Ti ìkejì, ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: "congés annuels". Oṣù Kẹjọ ni, alásè fúnra rẹ̀ ti lọ sinmi. Bàbá Ìbejì dúró síwájú ìwé yẹn fún ìgbà pípẹ́, bóyá wọ́n rò pé ó máa yí padà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n páàkì sídìí tábìlì onígi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n ká ìbora kúrò, wọ́n gbé kúlà jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, jọ̀lọ́ọ̀fù! Jọ̀lọ́ọ̀fù, adìẹ díndín àti dòdò! Ẹ má sì rò pé láti Peckham ni wọ́n ti gbé adìẹ ọ̀hún o. Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù, arìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ gbé ẹran tàbí wàrà láti ibẹ̀ wọ Faransé, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á kí wọ́n dà á nù. Ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata gbígbẹ ni wọ́n gbé wá. Adìẹ, ọjà Sarlat ni wọ́n ti rà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, torí Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta ni ọjà ibẹ̀ ń kún. Òru ni wọ́n sè é, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Obìnrin tó ti ń wí látàárọ̀ pé "Olówó orí mi, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí a ó ti jẹun"! Bàbá Ìbejì ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nínú àwọn méjèèjì, mo ti mọ ẹni tó yẹ ká máa bẹ̀rù. Ọkọ wọn ní láéláé, àwọn ò ní jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù nílẹ̀ Faransé, kí ni a wá bá wá síbí nígbà náà? Itan adìẹ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ń béèrè pé ṣé dòdò ti tán ni.

Bí ìjọba ṣe bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Ìbejì nìyẹn. Wọn ò wo ìràwọ̀ kankan. Obìnrin tó ń ta pẹ́pẹ́yẹ lọ́jà ni wọ́n bi pé ibo lòun alára ti ń jẹun lọ́sàn-án. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n ka pátákó ẹnu ọ̀nà, torí òfin ní kí ilé oúnjẹ lẹ ohun tó ń tà àti iye owó rẹ̀ síta kí oníbàárà tó wọlé. Bí ohun tó wà lórí pátákó kò bá pọ̀, bóyá mẹ́ta fún ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta fún ẹran tàbí ẹja, mẹ́ta fún nǹkan dídùn, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, ó jọ pé ohun tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ń sè. Bó bá tó ogójì, tí pizza, ẹja òkun àti cassoulet, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran sè, jọ wà lójú kan, ẹ máa fura, fíríìsà ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Wọ́n tún wá àmì ìkòkò tó fi òrùlé ilé ṣe ọmọrí, "fait maison". Òfin ló gbé e jáde ní 2014: ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi se oúnjẹ náà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti sè é.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fóònù. Aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n ń pè, kí iná tó gbóná: èèyàn mélòó, ọjọ́ wo, aago mélòó, orúkọ ta ni. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, ó dára kó jẹ́ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó bá pè ní aago méjìlá ààbọ̀, àwo mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó gbé fóònù.

Ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n mú, kì í ṣe alẹ́. Alásè kan náà, ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án àárín ọ̀sẹ̀, "formule" wà, oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta ní nǹkan bíi yúrò 15 sí 20. Lálẹ́, owó náà lè di ìlọ́po méjì. Ẹ tiẹ̀ máa la ojú yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà ńlá fún àmì róbótó pupa àti búlúù ti Les Routiers, àwọn ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Láti 1934 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù, ibẹ̀ ò sí fún ẹni tó ń ya fọ́tò àwo.

Bàbá Ìbejì tí wọ́n rọ̀ lóyè ṣì ń jà fitafita. Wọ́n ní ó kéré tán, kí a lọ síbi tí ìwé Michelin fún ní ìràwọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé iléeṣẹ́ táyà ló ń tẹ ìwé náà láti 1900, kí àwọn onímọ́tò lè máa rìn káàkiri, kí táyà lè máa jẹ. Wọ́n wò mí. "Àbúrò, ṣé fọkanáísà ló ti ń júwe ọbẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí?" Fọkanáísà ọ̀hún mọ ọbẹ̀ o. Àmọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ ń gbówó lórí. Ẹni tí àpò rẹ̀ ò jìn, àwòrán orí ọkùnrin oní-táyà tó ń lá ètè ni kó máa wá nínú ìwé náà. Bib Gourmand lorúkọ rẹ̀, láti 1997 ló ti ń tọ́ka sí ibi tí oúnjẹ ti dùn tí owó rẹ̀ ò sì pa èèyàn.

A jókòó ní aago méjìlá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aago Faransé. Ìyá Ìbejì béèrè "une carafe d'eau", omi ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni, búrẹ́dì náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá kàn pe omi, ìgò olówó lè dé. Wọ́n mú "menu", tó jẹ́ odidi oúnjẹ ní iye owó kan. Bàbá Ìbejì ní "à la carte" ni ti àwọn, ìyẹn kí èèyàn máa yan àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ̀ pé àwọn ṣì wà láyé. Wọ́n fọwọ́ kan andouillette, wọ́n ní sọ́sééjì dára. Mo yára sọ fún wọn pé ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n rọ sínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú àwo dé tábìlì. Ẹni tó ń jẹ ṣàkì lójoojúmọ́ wá fi ọwọ́ bo imú. Wọ́n ní kí wọ́n gbé magret wá.

Ẹ gbà mí. Magret ni àyà pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n bọ́ sanra nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń pọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé e wá, ìyẹn náà ló ń jẹ́ kó rọ̀. Lójú Bàbá Ìbejì, ẹran tó bá ṣì ń pọ́n kò tíì kú tán. Wọ́n ní "bien cuit". Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wò wọ́n, ó wò mí, ó wọlé lọ, a gbọ́ ohùn alásè láti ẹ̀yìn. Wọ́n sè é jinná fún wọn, ó sì gan. Ẹni tó bá ń sá fún ẹ̀jẹ̀, confit ni kó pè: itan pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́jú, tí wọ́n fi iná jẹ́jẹ́ sè nínú ọ̀rá ara rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n tó yan awọ rẹ̀ kó gbẹ. Kí ẹ tó kúrò ní London ni ìyẹn ti jinná. Confit ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ ní tiwa, a ò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń fi eyín fa magret ni wọ́n ti rí àwo Táyé. Táyé ò fẹ́ ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń gbé fáwọn ọmọdé, "salade de gésiers" ló pè. Oúnjẹ Périgord, orúkọ àtijọ́ Dordogne, pọ́ńbélé ni: iwe pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sè nínú ọ̀rá, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n gbé e ní gbígbóná lé orí ewé tútù. Iwe ọ̀hún kún àwo. Ẹ̀yin náà mọ òfin iwe nílé wọn: adìẹ kan, iwe kan, bàbá kan. Bàbá Ìbejì gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, pẹ́pẹ́yẹ mélòó ni wọ́n pa fún ọmọ yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ń fi búrẹ́dì nu àwo. Bàbá Ìbejì na ọwọ́. Táyé fa àwo mọ́ra: "Dádì, ẹ pe tiyín."

Nígbà tí ìwé owó dé, wọ́n fẹ́ ro owó alágbèékalẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ti ń ṣe ní London. Mo ní ó ti wà nínú rẹ̀, "service compris", òfin ni láti 1987. Tí inú èèyàn bá dùn, yúrò kan tàbí méjì lórí tábìlì ti tó. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n wá béèrè ohun kan péré: ṣé wọ́n lè bá àwọn di oúnjẹ tó kù? Láti oṣù Keje 2021, òfin ti ní kí ilé oúnjẹ pèsè ike fún ẹni tó bá béèrè. Ọmọbìnrin náà gbé ike wá. Magret tó le wà níwájú wọn, wọn ò wò ó. Iwe Táyé tó kù ni wọ́n dì.

Nínú mọ́tò, ike wà lórí itan wọn, ọmọrí rẹ̀ ti ṣí. Táyé ní kí wọ́n gbé iwe òun wá. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, ọmọdé kì í jẹ iwe nínú mọ́tò tó ń rìn, ó máa ń fa èébì.