Ọpẹ́ tí mo ń kọ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500, mo pa jẹnẹrétọ̀ tì. Mo gbé maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ jáde, mo kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù. Ìyẹn kọ́ ló fẹ́ pa mí, ìlara ni. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ó fi sólà sórí òrùlé. Ojú mi báyìí ni àwọn oníbàárà mi ń gbà kọjá lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo á jó ijó ọpẹ́ dé iwájú pẹpẹ. Tó bá di aago méjì òru, mo á dìde, mo á ní kí Ọlọ́run bá mi ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá mi. Lóru ọjọ́ kan, orúkọ ọmọbìnrin náà ló bọ́ lẹ́nu mi. Ọmọ tí mo kọ́ bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́! Kò ṣẹ̀ mí rárá. Mo jókòó sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìta ni mo ti máa ń wá ogun ẹ̀mí: ilé bàbá, ilé ọkọ, aráyé. Àmọ́ nínú 2 Kọ́ríńtì 10:5, èrò ọkàn ni Pọ́ọ̀lù ní ká dì ní ìgbèkùn wá sábẹ́ Kristi. Tèmi kò sí ní ìgbèkùn. Mo ń bọ́ ọ ni.

Ọpẹ́ mi gan-an ní àbùkù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òótọ́ ni láàárín èèyàn sí èèyàn, ṣùgbọ́n èmi ti fi ń bá Ọlọ́run ná ọjà. Mo ń dúpẹ́ kí sólà lè wá. Nígbà tí kò dé, ọpẹ́ gbẹ lẹ́nu mi. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó fi kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n fi ọpẹ́ kún àdúrà. Ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, 4:7. Kò sọ pé ohun tí a béèrè á dé. Àlàáfíà tí yóò ṣọ́ ọkàn àti èrò wa ló ṣèlérí, bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọpẹ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, ohun kan lójúmọ́, kí n tó tẹ maṣíìnì. N kò gbọ́dọ̀ kọ "mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí", nítorí ẹnu mi ti mọ ìyẹn sórí débi pé ọkàn mi kì í bá a lọ mọ́. "Èédú òní gbẹ dáadáa." "Ìyá elékuru fún mi ní ènì." "Òjò dá kí n tó dé Ọláìyá." Ọ̀sẹ̀ kìíní le, omijé ìbínú ni mo fi ń kọ ọ́. Bí èrò sólà yẹn bá yọjú, mo á dá ẹsẹ̀ dúró, mo á ka ohun tí mo kọ láàárọ̀ sókè. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí n tó parí bùbá kan. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, mo kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò mú kọ́bọ̀ mi rí ní ọdún 3 tó lò lọ́dọ̀ mi. Ó pẹ́ kí n tó gbé bírò kúrò lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ oorun náà ń bẹ o. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ́ kó tún sùn, ó sì tún jí i pé kó jẹun. Èmi ń fi àìsùn na ara mi, mo ń pè é ní ogun. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ mi ti ru. Mo ń lo oògùn báyìí, mo sì ń sùn. Ẹ̀yin tí oorun ti dá lójú yín, tí ayé ti sú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nìkan gbé e. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín gbàdúrà, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ìlara náà ò tíì kú tán. Ó tún sọ jí lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ti gba ọmọ iṣẹ́ kẹrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọdá wá, ó kúnlẹ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kó aṣọ yín wá, iná wà lọ́dọ̀ mi." Mo kó aṣọ, mo lọ. A jọ rán an títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo padà, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Iná wà lónìí."