Òkè Òkun Tí Wọ́n Rò Pé A Wà

Kò sí òkun kankan láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Boukoumbé. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni à ń wọ̀: Ìlọrin, Kòsúbòsú, bọ́dà Chikanda, Nikki, Djougou, Natitingou, kí ọ̀kadà tó gbé èèyàn gba orí òkè Atakora wá bá wa, èmi àti ọkọ mi tí a jẹ́ míṣọ́nnárì, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Síbẹ̀, "àwọn ará òkè òkun" ni wọ́n ń pè wá nílé. Tí wọ́n bá ń pín owó ìnáwó ẹbí, orúkọ wa ló máa ń wà níbi tó pọ̀ jù.

Mo mọ ibi tí ìrò náà ti wá. Ta ni kò mọ míṣọ́nnárì l'Ógbómọ̀ṣọ́? Bowen dé ibẹ̀ ní 1855. Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní 1907. Àwọn òyìnbó tó tẹ̀ lé wọn gbé ilé ńlá, wọ́n ní kúùkù, wọ́n ní mọ́tò. Àwọn oníṣòwò wa tó lọ sí àríwá Ghana náà wà ńbẹ̀. Títí ìjọba Busia fi lé wọn ní 1969, ẹrù ni wọ́n máa ń dì bọ̀ wálé. Tó o bá wá jẹ́ míṣọ́nnárì, tó o tún wà nílẹ̀ òkèèrè, o ti di olówó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Wọn ò rò ó pé náírà ni àwọn ìjọ nílé fi ń ràn wá lọ́wọ́, sẹ́fà, owó Benin, la sì ń ná, àti pé náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní 2023, títí sẹ́fà kan fi ju náírà méjì lọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò mọ ẹni tó yẹ kó máa bẹ ẹnì kejì.

Ti iná kò gba àròyé: nílé wọ́n ń mú un lọ, níbí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, sólà la gbójú lé. Ọkà bàbà àti àcha, ọkà oníhóró wẹ́wẹ́, la ń jẹ, àmàlà ń wù mí. Wọ́n ní kí a máa bọ̀ nítorí àwọn agbébọn tó ń ti Burkina Faso wọlé. Òótọ́ ni, ó ń bà wá lẹ́rù. Ṣé kò sí ajínigbé lọ́nà oko nílé ni?

Ìdáwà ló ń dùn mí. Agboolé ni wọ́n bí mi sí. Tí mo bá húkọ́ lóru, ìyá kan á béèrè láti yàrá kejì pé ta nìyẹn. Àwọn Batammariba tí à ń bá gbé kì í kọ́lé bẹ́ẹ̀. Ilé alámọ̀ alájà ni tiwọn, bí odi kékeré: ẹran nísàlẹ̀, èèyàn àti àká lókè. Ó rẹwà débi pé UNESCO kọ Koutammakou, ilẹ̀ wọn ní Togo, sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2004, wọ́n sì fi apá ti Benin kún un ní 2023. Àlejò ń wá ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ilé sí ilé jìnnà tó ibi tí ọfà lè balẹ̀ sí, oko ló sì wà láàárín. Tí ibà bá mú ọmọ lóru, èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ ń wo ara wa lójú.

Ibí ni mo bí Àyọ̀ sí. Kò sí ìyá àgbà tí yóò fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, tí yóò nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tí yóò máa kì í. Obìnrin ilé tó súnmọ́ wa jù gbé omi gbígbóná wá, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ọmọ mi ní Àjọkẹ́? Bàbá mi kú ní 2020. Ìjọba Nàìjíríà ti ti bọ́dà láti oṣù Kẹjọ 2019. Lórí àpáta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé ni mo ti gbọ́ ìsìn ìsìnkú wọn lórí fóònù. Ìsìnkú àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ àwọn ará ibí. Ẹnu yà wọ́n pé ọmọ òkú lè jókòó sídìí àpáta.

Àyọ̀ ń sọ Ditammari, èdè àwọn Batammariba, ó ń sọ Faransé. Tí Màmá mi bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, Ditammari ló fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè bàbá wọn, tiyín ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ nìyẹn, mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn àgbàlagbà. Lẹ́yìn ìkórè la máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kíláàsì ṣófo, gbogbo wọn ti wà lóko. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wọn la fi ń kọ́ wọn ní lẹ́tà: ewúrẹ́, omi, ilé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn níléèwé, nítorí náà àgbàlagbà tó ka gbólóhùn kan ní Ditammari máa ń tún un kà, bíi pé kò dá ara rẹ̀ lójú. Obìnrin kan sọ fún mi láìfi bò pé nọ́ńbà ni kí n kọ́kọ́ kọ́ òun, kí ẹni tó ń wọn òwú òun má baà rẹ́ òun jẹ; Bíbélì lè tẹ̀ lé e. Mo gbà fún un.

Ẹ wá wo ilé. Láti 1858 ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Bowen ṣe ti jáde, láti 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá ti wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, iléèwé aládàáni wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Tàkié nílé gbọ́ Yorùbá tán, wọn ò lè ka ìlà kan nínú rẹ̀. Màmá kò bá ẹ̀gbọ́n mi wí o. Èmi tí mo jìnnà ni wọ́n rí bá wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bọ̀ wálé, àwọn yóò bá mi wá ilẹ̀, kí n ṣí iléèwé tèmi, ó ṣe tán mo ti mọ iṣẹ́ olùkọ́. Mo bi wọ́n bóyá mo lè fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òbí wo ni yóò sanwó ìyẹn. Kí ni kí n wá padà wá ṣe?