"Mo mọ̀"

Òjò ò jẹ́ kí n tètè jáde. Mo ta díẹ̀, mo dá owó àjọ, ó tán.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú dáńfó ni kò kúrò létí mi. Obìnrin kan ń ròyìn wòlíì rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ní ṣé kò mọ̀ pé ṣe ni ọkùnrin yẹn yan ara rẹ̀ ni? Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló bi mí pé kí ló ń ṣe mí."

Mo mọ̀! Èmi tí mo ti rò pé wọn ò mọ̀ ni. Bí mo ṣe ń là á yé Àǹtí nípa wòlíì tirẹ̀ nìyẹn, tí á kàn máa wò mí.

Jésù Òyìngbò ní òun ni Jésù tó padà wá. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bá a dé Maryland, wọ́n ń sìn ín, títí ó fi kú ní 1988. Ṣùgbọ́n ó fún wọn nílé gbé. Ta ló tún bi wọ́n léèrè ní Èkó nígbà náà?

Àbí ti àjàkálẹ̀ àrùn 1918, tí àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ, tí wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn. Inú irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládúrà ti jáde. Ìyá wa àgbà kú sínú aṣọ funfun, mi ò lè pe ìyẹn ní irọ́ láé.

Ṣùgbọ́n ti Oǹdó ńkọ́? Oṣù Keje 2022, ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde lábẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì kan, tọmọdé tàgbà. Ìgbàsókè ni wọ́n ń retí. Wọ́n ti sọ fún wọn pé oṣù Kẹrin ni, oṣù Kẹrin kọjá, wọ́n ní ó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ṣì jókòó. Ẹni tó ti tìtorí ọjọ́ kan kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó ti bá ìyá rẹ̀ jà, ojú wo ló fẹ́ fi padà sílé?

Owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ Àǹtí ti di àbẹ́là àti òróró. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Olè ni wòlíì rẹ̀ yẹn! Mo ti sọ ọ́, mo tún un sọ.

Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta ni ẹsẹ̀ yẹn fi wú kí èmi tó rí i. Wòlíì rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé...

Mo pe Àǹtí lẹ́ẹ̀kan. Mo tún pè é. Kò gbé e. Ọjọ́ Ẹtì ni òní, ó ti lọ ìṣọ́ òru.