Èbúté kọ́ ni òpin ìrìnàjò ẹrù

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń bi mí ni pé èló ni CIF kọ̀nténà kan, ìyẹn iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojú omi àti adójútòfò dé èbúté. Bí ẹni tó ń bèèrè bá wà ní orílẹ̀-èdè tó létí òkun, mo máa ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè tí kò létí òkun, bíi Sáḿbíà, Nepal, Etiópíà tàbí Bòlífíà, ló ti ń pè, ìbéèrè lèmi náà fi ń dáhùn: ìlú wo ni ilé ìkẹ́rùsí yín wà, ọ̀nà wo lẹ sì fẹ́ kí ẹrù gbà dé ibẹ̀?

Èròjà ọbẹ̀ la ń dì: ata gígún, músítádì, àdàlù èròjà amọ́bẹ̀dùn, àwọn kan nínú ọ̀rá, àwọn kan nínú ìgò. Èmi ni mò ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń dì í àti bó ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dùn mí bí olùtajà bá ka èbúté sí òpin ìrìnàjò. Ní CIF, olùtajà á san owó ọkọ̀ àti adójútòfò dé èbúté tí wọ́n dárúkọ, ó parí. Èbúté ọ̀hún kì í sì í ṣe ti orílẹ̀-èdè oníbàárà. Dar es Salaam, tí ọ̀pọ̀ ẹrù Sáḿbíà ń gbà, Tànsáníà ló ni ín. Kolkata, tí ẹrù Nepal ń gbà, Íńdíà ló ni ín. Etiópíà ń gba Djibouti. Bòlífíà, tó pàdánù etíkun rẹ̀ nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1879, ń gba Arica ní Chile. Ti Uzbekistan tiẹ̀ tún le jù: gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá a pààlà ni kò ní etí òkun.

Nítorí náà, CIP, níbi tí olùtajà ti ń san owó ọkọ̀ àti adójútòfò dé ibi tí wọ́n bá dárúkọ, ni mo máa ń gbé síwájú, mo sì máa ń kọ orúkọ ìlú tí ilé ìkẹ́rùsí wà sí i. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe CIF fún. CIP kó ọkọ̀ ojú omi, tírélà àti rélùwéè pọ̀. Nínú Incoterms 2020, ìyẹn ìlànà àgbáyé tó ṣàlàyé CIF àti CIP, adójútòfò CIP gbòòrò ju ti CIF lọ dáadáa, àyàfi bí ẹ bá jọ ṣàdéhùn mìíràn. Ọjọ́ tí tírélà bá dojú dé láàárín ọ̀nà ni ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn.

Ẹ̀tọ́ àtikọjá wà. Àdéhùn àgbáyé lórí òfin òkun ti 1982 sọ ní abala 125 pé orílẹ̀-èdè tí kò létí òkun lè gba ilẹ̀ ẹlòmíràn dé òkun. Abala 127 ní kí wọ́n má gba owó orí lórí ẹrù tó kàn ń kọjá, àfi owó iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún un. Ṣùgbọ́n kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ ìdánilójú pé lóòótọ́ ni ẹrù ń kọjá, pé kò ní já sínú ọjà tiwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè bọ́ǹdì, ìyẹn ìdúró lórí owó orí ẹrù, tí wọ́n sì ń fi sílì, ìyẹn èdìdì, ti kọ̀nténà. Bill of lading, ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi ń gba ẹrù, gan-an gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹrù ń kọjá lọ. Ajẹ́ńtì kan fo gbólóhùn yẹn lórí ẹrù wa rí. Àdírẹ́sì oníbàárà pé pérépéré, síbẹ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù èbúté ní ẹrù tó fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ àwọn ni. Kọ̀nténà jókòó, dẹ̀mọ́réèjì, owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀nténà tó pẹ́ ní èbúté, ń gorí ara wọn. Èmi fúnra mi ni mò ń ka ìwé yẹn ní ọ̀rọ̀-ọ̀rọ̀ báyìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló sábà máa ń ni kọ̀nténà, òfìfo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà. Nítorí èyí làwọn oníbàárà kan ṣe ń tú ẹrù ní èbúté, tí wọ́n ń kó o sínú tírélà. Bó bá jẹ́ ọ̀rá, mo lè gbà. Ìgò ńkọ́? Mi ò gbà á rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń di èròjà ọbẹ̀ gbọ́ dáadáa ni ọ̀rọ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè yìí ló ga. Lesotho, kò síbi tó lọ sílẹ̀ tó 1,000 mítà níbẹ̀. La Paz ní Bòlífíà ga tó bí 3,600 mítà, ọ̀nà láti Arica sì ń ga ju 4,000 mítà lọ kó tó débẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń ga ni afẹ́fẹ́ ìta ń fúyẹ́, afẹ́fẹ́ tí a dì mọ́ ata nínú ọ̀rá létí òkun á wá máa tì jáde. Ọ̀rá á wú bí ikùn àkèré, ojú ibi tí iná ti lẹ̀ ẹ́ á sì là. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú lílẹ̀ fẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé ọ̀rá díẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti wò ó bóyá yóò là. Bákan náà, ẹ má fi ọ̀rá kún páálí fọ́fọ́, torí ọ̀rá tó wú nílò àyè.

Ọ̀sán gbígbóná àti òru tútù tún máa ń mú kí omi sẹ̀ sára òrùlé kọ̀nténà, kó máa kán sórí páálí. Ata gígún tí ọ̀rinrin bá wọ̀ á dì gbagidi. Àpò amúmi tí wọ́n ń so sínú kọ̀nténà kò wọ́n tó ẹrù tó bàjẹ́. Pálẹ́ẹ̀tì onígi tí wọ́n ń to páálí lé gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15, tó ń fi hàn pé wọ́n ti pa kòkòrò inú igi náà, nítorí ẹnubodè tí yóò gbà ju ẹyọ kan lọ.

Nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ irú ọjà kò gba àlàyé púpọ̀: ata gígún lásán wà ní 0904, bí ẹ bá pò ó mọ́ iyọ̀ àti èròjà mìíràn di àdàlù amọ́bẹ̀dùn, ó di 2103. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà kan náà wà lórí gbogbo ìwé.

Ti ọjọ́ tí ọjà yóò lò kó tó bàjẹ́, ọjọ́ tí páálí bá wọ ilé ìkẹ́rùsí oníbàárà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹrù tuntun ni kí ẹ kó, ẹ má kó èyí tó ti pẹ́ nílé. Kí ẹ sì tó kó kọ̀nténà odindi, ẹ kọ́kọ́ fi páálí mélòó kan ránṣẹ́ nínú kọ̀nténà àjọkó, lójú ọ̀nà kan náà, kí oníbàárà ya fọ́tò rẹ̀ fún yín bó bá ti ṣí i. Àyẹ̀wò tí ẹ bá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé kò lè sọ ohun tí òkun, èbúté àti ọ̀nà tírélà yóò ṣe fún ọ̀rá yẹn.