Búrẹ́dì Ọ̀nà Ilé

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni búrẹ́dì àkọ́kọ́ máa ń jáde nínú ààrò wa. Ẹni tí kò bá dúró lẹ́nu ààrò onígi nírú àkókò yẹn rí kò lè mọ ohun tí ojú àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń rí. Ooru á máa gbá wọn lójú, èéfín á máa ta wọ́n nímú, òógùn á ti iwájú orí ṣàn dé àyà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró, torí ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló wà láàárín búrẹ́dì tó jinná àti èyí tó jóná. Ìyá mi ló dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀, n'Íbàdàn níhìn-ín. Lọ́dún 2016, nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ mọ́, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Méje nínú wọn ṣì wà pẹ̀lú mi títí dòní.

Àṣà kan wà tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí iṣẹ́ parí, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú odidi búrẹ́dì kan lọ sílé. Wọn kì í mú èyí tó jóná, wọn kì í sì í mú èyí tó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí oníbàárà ò ní rà. Inú èyí tí à ń tà gan-an ni wọ́n ti ń mú un, wọ́n á sì wé e sínú náílọ́ọ̀nù bí ẹni tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí àna. Búrẹ́dì ọ̀nà ilé ni wọ́n ń pè é. Owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀: iye àpò fúláwà tí wọ́n bá pò lóru la fi ń ṣírò owó àwọn tó ń pò ó àti àwọn tó dúró ti ààrò; àwọn obìnrin tó ń wé búrẹ́dì àti ọmọkùnrin tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ń gba owó oṣù. Kò síbi tí a kọ búrẹ́dì ọ̀nà ilé sí nínú ìwé owó ìyá mi.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2023 dé. Ní May 29 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, epo bẹntiróòlù tí mò ń rà ní nǹkan bíi ₦200 ti sún mọ́ ₦500. Náírà náà tún já wálẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè la ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà wá, nítorí náà bí dọ́là bá ti gùn, àpò fúláwà á gùn tẹ̀lé e. Àpò tí mo rà ní nǹkan bíi ₦11,000 lọ́dún 2019 ti ju ₦50,000 lọ nígbà tí ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbà búrẹ́dì lọ́wọ́ mi láti tà ní títì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tí wọ́n ń gbà kù. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní February, mo jókòó ti kakulétọ̀. Búrẹ́dì mọ́kànlá lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ìyẹn jẹ́ 286. Bí a bá ń tà á ní ₦1,000, ₦286,000 ló ń gba ẹnu ọ̀nà mi jáde lóṣooṣù láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n dá a dúró.

Mo rò pé mo fi nǹkan tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Mo ti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan fún àwa oníṣòwò kéékèèké, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ká máa yan òṣìṣẹ́ tó ta yọ lóṣooṣù, ká lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri, ká sì fún un lówó. Mo bá kéde ₦10,000. Mo ra férémù tó dáa. Mo fọkàn sí i pé iṣẹ́ á gbóná.

Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni pé orin ti dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti ń pò fúláwà, ẹnìkan á dá orin, àwọn tó kù á gbè é, mo sì máa ń gbọ́ wọn láti yàrá mi lókè. Ó di pé ariwo máṣíìnì nìkan ni mò ń gbọ́. Búrẹ́dì jíjóná pọ̀ sí i. Àwọn tó ń wé e á kúrò nídìí tábìlì bí aago bá ti lù, wọ́n á fi èyí tó kù sílẹ̀. Ọmọkùnrin onijẹnẹrétọ̀ tó máa ń kan ilẹ̀kùn mi lóru pé "Màdáámù, ọ́ìlì ti ń lọ sílẹ̀ o" kò kan ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì ní oṣù kẹrin. Owó tí mo fi tún un ṣe pọ̀ ju owó búrẹ́dì oṣù méjì lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀bùn yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa búrẹ́dì jáde nínú ààrò ni mo kọ́kọ́ yàn. Ọjọ́ kẹta, ó kó ₦10,000 náà padà wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá mi yọ fọ́tò mi kúrò lára ògiri. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n ń wò ó lójoojúmọ́ yẹn."

Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ bá Bàbá Ìbejì, olórí àwọn tó ń pò fúláwà, tó ti wà pẹ̀lú ìyá mi kí n tó parí yunifásítì. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òtítọ́ fún mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Màdáámù," ó ní, "bí mo bá ń wọlé láàárọ̀, àwọn ọmọ mi kì í wo ojú mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gba búrẹ́dì yẹn, ìsàlẹ̀ àdúgbò ni mo máa ń dúró sí títí wọ́n á fi lọ síléèwé, kí n tó wọlé."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti alẹ́ ọjọ́ tí mo jókòó ti kakulétọ̀ ni mo ti ń wá ibi tí owó ti ń jò nínú ìwé, àṣé ibi tí ọkùnrin yìí ti ń gba iyì rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo lọ dí.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Wọ́n wá rán mi létí ọ̀wẹ̀ tí bàbá wọn máa ń bẹ̀ lóko. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ kì í san owó fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ se oúnjẹ tó dáa, kó rọ ẹmu tó pọ̀. Wọ́n ní bí bàbá bá fi ọbẹ̀ ìtìjú gbé iyán kalẹ̀, ní ọdún tó ń bọ̀ òun nìkan ni yóò máa kọ ebè. Wọn ò sì í dúró láàárín oko kí wọ́n máa pe ẹnìkan pé ìwọ lo mọ ọkọ́ lò jù. Gbogbo wọn ló jọ ń jẹun. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ yìí láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni.

Mo pe gbogbo wọn jọ. Mo bẹ̀ wọ́n, tọmọdé tàgbà. Mo yọ fọ́tò lára ògiri. Mo sì ṣe ohun tí ìyá mi gan-an kò ṣe rí: mo ṣí ìwé owó síwájú wọn, mo ka iye fúláwà, ṣúgà, yíìsì, igi, dísẹ́ẹ̀lì, àti iye tó ṣẹ́ kù. Ẹnu yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rò pé mò ń fi owó pa mọ́ síbì kan. Ọkùnrin tó ń dáná ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òjò ń pa igi wa níta, igi tútù sì ń jẹ ìlọ́po igi gbígbẹ. Kí n ra páànù méjìlá, òun á fi kan òrùlé lé e fúnra òun. Àwọn obìnrin ní náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ kan ṣoṣo á dín owó ìtẹ̀wé kù, oníbàárà kò ní bínú. Ẹlòmíràn ní ká má jẹ́ kí ààrò tutù láàárín ìpele kìíní àti ìkejì. Mo ti ń gbé pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí láti ọdún méje, mi ò béèrè rí.

Búrẹ́dì ọ̀nà ilé padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Igi tí à ń rà dín kù kí oṣù méjì tó pé.

Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, láti ₦30,000. Òfin náà kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àwọn kan nínú àwa olùṣe búrẹ́dì sì ń yọ̀ pé kò kàn wá. Èmi ò rí ohun tí a fi ń yọ̀. Ọjà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń ra gàrí, ibẹ̀ náà ni tèmi ti ń rà á. Mo fi kún owó orí àpò kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí agbára mi ṣe mọ, mo sì fi ìwé hàn wọ́n kí wọ́n lè rí ibi tí agbára náà mọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo dúró lójú fèrèsé lókè, mo ń wo àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìbejì ló jáde kẹ́yìn. Ó dúró lábẹ́ òrùlé páànù níbi tí igi wà, ó wo ojú ọ̀run, ó sì ṣí fìlà kúrò lórí. Ó fi fìlà náà bo búrẹ́dì rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì fi orí lásán wọnú òjò.