Òkúta gún táyà mi lójú ọ̀nà Denali Fault

Inú ṣì ń bí mi sí àwọn tó yá mi ní ọkọ̀ ní Fairbanks, ní Alaska. Owó gọbọi ni wọ́n gbà. Mò ń lọ wo Denali Fault, ibi tí ilẹ̀ ti là gbọọrọ, tí apá méjèèjì ń sún kọjá ara wọn. Mo kọjá ìlú Delta Junction, òkúta gún táyà. Mo ṣí bùùtù: jáàkì wà ńbẹ̀, táyà tí màá tìtorí ẹ̀ lo jáàkì ni kò sí! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, fọkanáísà kò sí. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó nínú òtútù, tí mò ń jẹ ìpékeré tí mo gbé láti Houston. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ yá ọkọ̀ ní Alaska, ẹ yẹ bùùtù wò kí ẹ tó sanwó.

Bàbá arúgbó kan ló dúró tì mí. Ó fi rọ́bà dí ihò náà, ó fẹ́ táyà, kò gba kọ́bọ̀. Mo sọ ibi tí mò ń lọ, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Àṣé iṣẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì! Ọmọdé ni ní Anchorage ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1964, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé, agbára rẹ̀ jẹ́ 9.2 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀. Ó ní ọjọ́ yẹn ló yan iṣẹ́ fún òun.

Hẹlikọ́pítà ló ń gbé wọn lọ sórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti tún àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ilẹ̀ ṣe. Bátìrì ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń jẹ nígbà òtútù, torí oòrùn kì í fẹ́ẹ̀ ràn. Ó fi wáyà kan hàn mí nínú ọkọ̀ rẹ̀: béárì ti rún un bí ọmọdé ṣe ń rún ìrèké.

A dé ibi tí ọ̀pá epo, tó lọ láti Prudhoe Bay dé Valdez, ti gba orí Denali Fault kọjá. Wọn ò ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ó wọ bàtà irin, ó jókòó lórí àwọn irin gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìbú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 2002, ìmìtìtì 7.9 sún ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́rin. Ọ̀pá bá ilẹ̀ rìn lórí irin, epo kò kán sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ló ti kìlọ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀pá náà síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn irin yẹn, ó tutù bíi yìnyín, omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo dá ọkọ̀ padà, wọ́n ní kí n sanwó táyà tí bàbá yẹn dí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi èyí tó yẹ kó wà ní bùùtù hàn mí. Wọ́n dákẹ́.