Ẹ sọ ọjọ́ ìparí fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí kíláàsì tú mọ́ mi lọ́wọ́

Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti kíláàsì wa pa, ara mi ò tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tí àjọ ilẹ̀ òkèèrè gbà síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ wàhálà rẹ́jísítà, ẹ mọ ti ìjábọ̀ olóṣooṣù. N kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn.

Obìnrin 21 ló wà ní kíláàsì mi. Ìyá kan wà nínú wọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bí ẹni di ọ̀bẹ mú ló ṣe ń di bírò mú. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó ti lè kọ ìdajì orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, láti 1967 ni wọ́n sì ti ń ṣe é káàkiri ayé. Lọ́jọ́ náà, àwọn onígbọ̀wọ́ wa wá. Ìyá kọ ìdajì orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò títí ó fi sú wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí íméèlì fi wọlé ní ọjọ́ Ẹtì: wọn ò ní sọ àdéhùn dọ̀tun, kí a kó ẹrù jáde ní ọjọ́ Ajé.

Mo tètè lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ká má parọ́, mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ni. Àfi bí mo ṣe bá ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó gbé ìwé lé itan. Ó wo àwọn àga tí à ń kó sínú ọkọ̀. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Wọ́n ti bú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò dùn mí tó báyìí. Ẹni tí ogun lé nílé, tí wọ́n ń ṣí kiri láti ibùdó dé ibùdó, òun ló tún ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀! Kàkà kí èmi náà sọ òótọ́, mo ní, "Rárá o, Ìyá. A kàn fẹ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì ni." Ó ṣàdúrà fún mi pé kí ìsinmi náà tù mí lára. Ó wá na ìwé rẹ̀ sí mi, ó ní kí n bá òun máàkì rẹ̀ ká tó wọlé padà. Mo gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi.

Nígbà tí mo padà lọ sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n ti kó ìyá lọ sí ibòmíràn. Méje nínú wọn ṣì ń pàdé, èyí tó mọ̀wé jù ló ń kọ́ wọn. Ó ń lọ dáadáa.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí, bóyá òun nìkan ni mo tilẹ̀ ní: ẹ sọ ọjọ́ ìparí fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n, àwọn tí a tìtorí wọn gba owó nìkan ni kò mọ̀. Ẹ má sọ pé ó yẹ kí n ti fura. Wọ́n ti sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan rí, a rò pé wọn yóò tún ṣe é ni.

Èkejì, ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò fi ṣe nǹkan bí a bá tú ká lọ́la. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn Paulo Freire, olùkọ́ ọmọ Brazil nì, ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ní 1963, ní Angicos ní Brazil, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi nǹkan bí wákàtí 40 kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ní ìwé kíkà. Wákàtí 40 yẹn ni wọ́n máa ń pariwo fún wa. Ní 1964, àwọn ológun gbàjọba, wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì ti Freire mọ́lé. Ibẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí. Bí mo bá ti ka oṣù tó kù fún mi, ǹ bá ti jẹ́ kí ìyá kọ orúkọ rẹ̀ parí kí n tó máa bá a fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ìwé ètò ṣe wí.

Ẹ̀kẹta, ẹ yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn yòókù láàárín wọn, ẹ má dúró dìgbà tí owó bá tán. Ó jọ ti èkejì, mo mọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní bí a bá sọ ọjọ́ ìparí, wọn ò ní wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àgbà ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n yàn. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí igun pátákó, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Títí di oṣù yìí la ní owó. Bí òmíràn bá dé, a ó tẹ̀síwájú. Bí kò bá dé, kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ wá."

Ìwé ìyá ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo ti máàkì rẹ̀ tán. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ó kọ orúkọ rẹ̀ dé ìdajì, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìyókù.